Ìbéèrè Yín: Téèpù Grateful Dead Tí Kò Tíì Jáde

Ìbéèrè: Mo ní ẹ̀dà mẹ́ta eré kan tí Grateful Dead, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 1978, tí wọn kò tíì gbé jáde lórí àwo. Wọ́n kọ SBD sára ọ̀kan, AUD sára èkejì, matrix sára ẹ̀kẹta. Èwo ni kí n tọ́jú?

Ìdáhùn: Ẹ tọ́jú SBD àti AUD. SBD ni èyí tí wọ́n fi wáyà fà tààrà láti ara míksà, ẹ̀rọ tó ń da ohùn gbogbo máìkì pọ̀. AUD ni èyí tí olólùfẹ́ kan fi máìkì tirẹ̀ gbà láàárín èrò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni SBD ń borí o. Ohun tó bá gba inú míksà kọjá nìkan lẹ ó bá nínú rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, sípíkà jìtá fúnra rẹ̀ ti ń dún gbọnmọgbọnmọ, nítorí náà ẹni tó jókòó ti míksà kì í fi jìtá kún un púpọ̀. Lórí téèpù, ohùn olórin á wá bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, jìtá á dà bíi pé yàrá kejì ló wà. AUD ní tirẹ̀ kì í yan nǹkan: báàsì, àtẹ́wọ́, àti aláròyé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, gbogbo wọn ló ń gbé.

Matrix ni àdàlù méjèèjì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Máìkì tó bá jìnnà sí sípíkà ní mítà 30 á pẹ́ ju míksà lọ ní nǹkan bí ìdá 87 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí wọn kò bá fa AUD síwájú, ìlù kan á dún lẹ́ẹ̀mejì. Kódà bí wọ́n bá fà á, téèpù méjì kì í sáré bákan náà. Ìyàtọ̀ 0.1% péré á ti di ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹni tó bá tò wọ́n pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ka ìwé ìran téèpù tó tẹ̀ lé fáìlì náà, èyí tó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti dà á kọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ kásẹ́ẹ̀tì ni ariwo ṣìṣìṣì ń pọ̀ sí i. SBD ìran karùn-ún kò tó AUD tí wọ́n gbà dáadáa, tó jẹ́ ìran àkọ́kọ́. Eré ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, 1977, ní Yunifásítì Cornell, tí Betty Cantor-Jackson, agbohùnsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, gbà sílẹ̀, ti wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé àwo rẹ̀ jáde ní 2017, lẹ́yìn tí ojúlówó téèpù padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà.

Ìbéèrè: Kásẹ́ẹ̀tì AUD tí mo sọ di fáìlì ń sáré jù. Ohùn Jerry Garcia, olórin àti onígìtá ẹgbẹ́ náà, tín-ín-rín bíi ti ọmọdé. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí màá dín kù?

Ìdáhùn: Ẹ má fi etí wọ̀n ọ́n. Ẹ wá ariwo iná mànàmáná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì-lé-ní-ọgọ́ta dín méjì (60) láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì máa ń kùn lábẹ́ ohùn gbogbo nígbà tí wọ́n bá ń tún okùn jìtá ṣe láàárín orin méjì. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ẹ sàmì sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá níbẹ̀, ẹ ṣí Plot Spectrum, ẹ fi Size sí 65536. Ẹ wo orí tó yọ sókè nítòsí 60, 120 àti 180. Ti 180 ni kí ẹ lò, torí àṣìṣe kékeré kò ní ṣi yín lọ́nà púpọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá wà ní 183.6, ẹ pín in sí 180: 1.02. Téèpù náà ń fi 2% sáré, ẹ sọ ìyára di 0.980. Change Speed (Change Speed and Pitch ni orúkọ rẹ̀ nínú Audacity tuntun) ni kí ẹ lò, kì í ṣe Change Pitch, èyí tó máa ń fi gígùn orin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tó gba ìṣẹ́jú 45 á fi ìṣẹ́jú-àáyá 54 gùn sí i.

Ṣọ́ra o: ariwo náà lè jẹ́ ti ẹ̀rọ yín. Ẹ dá téèpù dúró, kí kọ̀ǹpútà ṣì máa gbà á sílẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kùn, tiyín ni.

Bí eré náà bá bọ́ sáàárín 1979 sí 1990, ẹ tún ní ẹlẹ́rìí mìíràn, ìyẹn Hammond B-3, dùùrù oníná tí Brent Mydland ń tẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Iná ló ń darí mótò inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yí gíga ohùn rẹ̀ padà lórí ìtàgé. Nóòtì A rẹ̀ jẹ́ 440 Hz.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Bí ó bá ń yára sí i díẹ̀díẹ̀, bátìrì ló ń kú lọ́wọ́ ẹni tó gbà á: téèpù ń falẹ̀ nígbà tó ń gbà, òun ló ṣe ń sáré nígbà tí ẹ̀yin ń gbọ́ ọ. Ẹ gé e ní àlàfo orin, kí ẹ tún ìkọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Téèpù onírílì mi, Ampex 456, ń ké fíìn, ó sì ń fi ẹ̀gbin aláwọ̀ búráùn sílẹ̀ lára orí ẹ̀rọ.

Ìdáhùn: Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, orin gan-an ló ń bó yẹn. Àtè tó di ìyẹ̀fun tó ń gba ohùn mọ́ téèpù ti fa omi inú afẹ́fẹ́. Ooru nǹkan bí 54°C fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso, ló ń wò ó sàn fúngbà díẹ̀. Ẹ máa yí i, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tètè dà á kọ. Ààrò gáàsì kò dára, ooru rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bí ẹ bá gbé rílì síwájú gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ sì là á kọjá, ásítéètì ni, irú ike àtijọ́ kan: ẹ má fi ooru yan án rárá.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fẹ́ ta SBD kan fún mi.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ẹgbẹ́ náà gba olólùfẹ́ láyè láti gba eré sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ fún wọn láti oṣù kẹwàá, 1984, ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ ni, owó kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ eré náà lórí Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti 2005, ẹ lè gbọ́ SBD níbẹ̀ láìgbà á wálẹ̀. AUD ní tirẹ̀, ẹ lè gbà á wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.