Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n sáré fún ọ ní ìtumọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ọkọ rẹ yan àlè, ó ti tọrọ àforíjì, ẹ ṣì jọ ń gbé, o wá ń béèrè ohun tí Ọlọ́run fẹ́ kó o mọ̀ nípa ara rẹ nínú ìrora yìí. Mo ti kọjá níbẹ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, HIV àti hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kó o sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3, torí ó lè má tíì hàn nígbà àkọ́kọ́. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Àlè yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọ́fíìsì pásítọ̀ ni. Wọ́n ní kí n ro ohun tí mo ṣe tí ojú ọkọ mi fi ń wo ìta. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n obìnrin ló ń kọ́ ilé rẹ̀. Ọkọ mi dorí kodò, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Èmi ni wọ́n ní kí n gbààwẹ̀! Ìyàwó pásítọ̀ gbá mi léjìká, ó ní Ọlọ́run fẹ́ fi kọ́ mi ní sùúrù ni. Ṣé Ọlọ́run ló gbé obìnrin wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi ni? Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Mo padà sí Ìtòkú níbi tá a ti ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ. Mo ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìlà ń wọ́, ẹ̀kọ ń kán sórí aṣọ oníbàárà. Ìyá tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gba ìyẹ́ náà lọ́wọ́ mi, kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ó bá mi parí aṣọ. Ìyá yẹn ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Wọ́n á tún wá fi mágùn lọ̀ ọ́. Má gbà. Owó rẹ lẹni tó ń tà á fẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì kú, ìwọ lọlọ́pàá máa wá mú. Tó bá di pé o fẹ́ kọ ọkọ rẹ, tó sì jẹ́ rẹ́jísírì lẹ ti ṣègbéyàwó, má lọ náwó ní kóòtù ìbílẹ̀. High Court ló láṣẹ lórí ẹ̀. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ọdún 1970 (Matrimonial Causes Act) ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún 2, èèyàn sábà máa ń gbàyè lọ́wọ́ adájọ́ kó tó pẹjọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ àgbèrè tí o ò lè fara dà lo fi pẹjọ́, kò dìgbà tó o bá gbàyè.

Ohun tó o béèrè gan-an ńkọ́? Sáàmù 55 ló là mí lójú. Onísáàmù ní ká ní ọ̀tá ni, òun ì bá fara dà á, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ ń rìn lọ sílé Ọlọ́run ni. Ó tún ní kí ikú mú wọn lójijì. Inú Bíbélì ló wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bẹ́ẹ̀, mi ò pọ́n ọ̀rọ̀ lé mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, “Olúwa, jẹ́ kí n wù ú” ni gbogbo àdúrà mi. Láfún tí mò ń ro lálaalẹ́, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ láti kékeré. Mo tún rí i pé ẹnu àwọn ará Aké ló ń bà mí lẹ́rù ju pé ọkọ mi máa lọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi nìyẹn. Kò sì sọ àgbèrè di ẹ̀bùn o.

Tìẹ lè yàtọ̀. Gbàdúrà bó ṣe ń ṣe ọ́, kó o fetí sí ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ. Tí wọ́n bá sì pè yín sí ìpàdé, mú ẹ̀gbọ́n rẹ kan tó lẹ́nu dání, kó o bi wọ́n kó o tó jókòó pé kí ni wọ́n fẹ́ bi ọkọ rẹ.