"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́": kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá òwe yìí ń sọ pé kòkòrò inú ìfun ló jẹ̀bi àìsàn Crohn, èyí tó ń mú ìfun wú tó sì ń dá egbò sí i, ká wá fi ewé kíkorò pa gbogbo wọn: ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, inú sì bí mi gidi. Ó gé òwe láàbọ̀! Bó ṣe pé nìyí: "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́; ìwọ̀n lewéko ń dára mọ." Jàre ni wọ́n wí o. Ta ló sọ ọ́ di ẹ̀bi?

Ìyá àgbà tó kọ́ mi lówe yìí yí ewé kan dà, ó ní kí n wẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti lu bí ajere. Kòkòrò kan tó fi àwọ̀ jọ ewé wà létí ihò, ó ń jẹ ẹ́ lọ, kò tilẹ̀ kà wá sí. Ìyá ní, "Ẹ̀fọ́ tó tutù yọ̀yọ̀ báyìí, ta ni kò ní jẹ ẹ́?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú ìfun. Bakitéríà, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun ńlá, ló ń jẹ fọ́nrán ewéko tí ara wa kò lè dà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe butyrate, tó jẹ́ oúnjẹ fún awọ inú ìfun. Àwọn náà ló ń sọ èròjà inú èso pómégíránátì di urolithin, èròjà mìíràn tí ara lè gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn ẹlòmíràn kò ní èyí tó mọ iṣẹ́ yẹn. Bí ebi bá wá ń pa wọ́n ńkọ́? Wọ́n ti dán an wò lára eku: nígbà tí kò sí fọ́nrán nínú oúnjẹ, àwọn kan nínú wọn kọjú sí ikun tó bo ògiri ìfun, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ dájọ́ ọ̀hún fúnra yín.

Àjogúnbá wà nínú ohun tó ń fa Crohn o, ọmọ ogun ara tó ṣìjà náà wà ńbẹ̀. Ẹ bi dókítà ìyẹn.

"Ìwọ̀n" gan-an lòwe, òun sì ni wọ́n ń gé sọnù lóde òní. Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) tí wọ́n fún pọ̀ sínú kápúsù ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ẹni tí Crohn ti mú kí ìfun rẹ̀ fún, fọ́nrán líle lè dí i pa.

Mo bi ẹni tó gé òwe náà pé kí ló kù níbẹ̀. Ó ní ó ti tán.