“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́”: ṣé òwe yìí ní kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ dákẹ́ ni?

Ìbéèrè: Wọ́n ta ilẹ̀ bàbá wa tó wà lọ́nà Ìjọ́kà níbí ní Àkúrẹ́, wọn ò sọ fún èmi àti àbúrò mi. Bí mo ṣe ní mo ń lọ sí kóòtù, àgbà kan nínú ẹbí dáhùn pé “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kí ni òwe náà ń sọ gan-an?

Àbúrò mi, òwe náà kò ní kí o dákẹ́. Àmọ́ kò purọ́ náà.

Kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Kóòtù! Ẹnu òyìnbó la ti mú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti ń gbẹ́jọ́ láàfin Déjì Àkúrẹ́ àti láàfin Òṣemàwé Oǹdó kí òyìnbó tó dé, a sì ní ọ̀rọ̀ tiwa fún un: ẹjọ́, ìgbẹ́jọ́, ìdájọ́. Bí òwe bá wá fi gbogbo wọn sílẹ̀ tó lọ mú kóòtù, ó ti sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ fún wa nìyẹn. Ẹnu àwọn tó kọ́kọ́ rí ẹjọ́ òyìnbó ló ti jáde. Ẹni tí kò mọ bàbá rẹ, tí kò mọ ìyá rẹ, jókòó sórí àga gíga. Ògbufọ̀ ń túmọ̀, akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀dà ń pariwo pé kí ẹ dákẹ́. Wọ́n ní lágbájá jàre, tàmẹ̀dò jẹ̀bi. Ó tán. Ẹni tó jàre ń jó bọ̀, ẹni tó jẹ̀bi ń wá owó ìtanràn kiri, agbo ilé kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń padà sí. Lójú tèmi, “bọ̀” ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú òwe yẹn. Ẹni tí ẹ ò jọ ń bọ̀ sílé kan náà, kò bá a wí.

Mo rí i lójú ara mi. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan nínú ẹbí wa ní Òkè-Àró jà sí ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ẹjọ́ náà wà ní kóòtù títí mo fi parí sẹ́kọ́ńdìrì. Àbúrò ló jàre. Ó ṣe ilẹ̀kùn irin tuntun sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Lọ́jọ́ Kérésì ọdún yẹn, ìyàwó rẹ̀ gún iyán, ó gbé abọ́ kan ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Bí abọ́ náà ṣe lọ ló ṣe padà dé, ẹnikẹ́ni ò ṣí ìdérí rẹ̀ wò.

Àbúrò bàbá wọn obìnrin ló wá pè wọ́n jọ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ síta. Kò bi wọ́n pé ta ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù ti sọ ìyẹn. Ó ní kí kálukú sọ ohun tí ẹnìkejì ṣe tó dùn ún jù. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló wà nínú ẹ̀gbọ́n rárá! Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n dájọ́, àbúrò òun pe orúkọ mọ́ òun lórí gànnàkù, kò fi “bọ̀ọ̀dá” sí i, ọmọ òun sì wà níbẹ̀. Mo rántí bí ilé ṣe dákẹ́. Ìyá náà wá kọjú sí èyí tó jàre, ó bá a wí, ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju ti ẹni tó jẹ̀bi lọ. Àbúrò dọ̀bálẹ̀. Ìyá bu omi sínú kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mu, ó gbé e fún àbúrò, òun náà mu, wọ́n sì pín obì. Ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ́ ti àbúrò títí dòní. Omi yẹn kò yí ìdájọ́ padà, ìdájọ́ náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ omi.

Èdè wa tilẹ̀ ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀, a kàn ń lò wọ́n pa pọ̀ ni. A máa ń la ìjà, ìyẹn ni pé ẹnìkan dúró sáàárín kí ẹ̀ṣẹ́ má bàa ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ọlọ́pàá lè ṣe é. A máa ń parí ìjà: a wádìí, a mọ ẹni tó ṣẹ̀, a mọ ohun tí yóò san. Kóòtù lè bá wa dé ibẹ̀. Èyí tó kù ni pípẹ̀tù síni nínú, ọ̀rọ̀ onísùúrù nìyẹn, ẹni tó mọ ilé yín sì ni í ṣe é.

Ìlú yìí fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ti ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló wọlé gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé ó na Adékúnlé Ajáṣin ti UPN, ọ̀gá tó ti ṣe igbákejì fún rí. Àkúrẹ́ gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa èèyàn, ládùúgbò kan náà sì ni ẹni tó ṣáná àti ẹni tí ilé rẹ̀ jó ti jọ ń pọnmi. Ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Ajáṣin jàre, wọ́n dá ipò rẹ̀ padà fún un. Ìdájọ́ gidi ni, ó sì tètè dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó wọlé ìbò ló yanjú. Kò sọ bí ẹni tó di kẹrosíìnì sínú gálọ́ọ̀nù yóò ṣe máa kí ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀. Nígbà tó di 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, sójà gba ìjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ku àwa aládùúgbò.

Lápá ọ̀dọ̀ omi náà, ìjà Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ (Ijaw) ti Arógbò bẹ́ sílẹ̀ ní 1998, ó sì wọ 1999. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tí epo rọ̀bì wà ló dá a sílẹ̀, láàárín àwọn tó ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn tipẹ́. Irú ìjà bẹ́ẹ̀, ìwé kọ́ la fi ń mọ̀ pé ó tán. Bí obìnrin Arógbò bá lè tukọ̀ gbé ẹja wọ ọjà Igbókòdá, ìlú àwọn Ìlàjẹ, láìmáa wẹ̀yìn wò, inú ti ń rọ̀ nìyẹn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀, òwe yìí nìkan ò tó mọ́. Ní Rwanda, lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994, àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pọ̀ ju ohun tí kóòtù lè gbà lọ. Wọ́n bá lọ mú gacaca, ìjókòó orí koríko tí àwọn ará abúlé fi ń parí aáwọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n fún un lágbára ìdájọ́. Títí wọ́n fi pa á dé ní 2012, ẹjọ́ bíi mílíọ̀nù méjì ló gba ibẹ̀ kọjá. Apànìyàn ní láti dúró níwájú aládùúgbò rẹ̀ kó sọ ohun tó ṣe, kó sọ ibi tí òkú wà. Àwọn kan rí ìtura níbẹ̀, àwọn mìíràn ní ṣe ni wọ́n tún tú egbò àwọn. Àmọ́ wọn ò ní kí ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ yan ọ̀kan nínú ìdájọ́ àti ìrẹ́pọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń fi òwe yìí di èèyàn lẹ́nu. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó lu ilẹ̀ ọmọ òrukàn ní gbàńjo. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí ọkọ tó fẹ́ kí obìnrin tí wọ́n lù bolẹ̀ padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àgbà tó bá fẹ́ pa á fún ọ, kó kọ́kọ́ pe ìjókòó. Òwe mìíràn ṣáà wà: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, padà lọ bá àgbà yín. Fi pẹ̀lẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ni wọn yóò pe ẹni tó ta ilẹ̀ náà àti ẹni tó rà á jókòó. Kó má pẹ́ jù o. Ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ ẹbí kan dá tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí, òfo ni lójú òfin. Èyí tí olórí ẹbí dá tà láìfi ti àwọn àgbà ojúlé ṣe, kóòtù lè fagi lé e, àmọ́ bí ẹ bá tètè dé ibẹ̀ ni. Bó bá sì di ẹjọ́, ẹ ṣì lè jókòó nílé kí ẹ yanjú ẹ̀. Àdéhùn tí tọ̀tún tòsì bá fọwọ́ sí, adájọ́ lè sọ ọ́ di ìdájọ́. Lọ́jọ́ ìjókòó náà, mú obì dání. Mú ìwé ilẹ̀ yẹn dání pẹ̀lú, kí o sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn.