Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Àwòrán Fractal Látorí Kọ̀ǹpútà

Àtìgbà tí a ti gbé àwòrán fractal, ìyẹn àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń fi ìṣirò yà, tí kékeré inú ẹ̀ ń jọ odindi ẹ̀, sẹ́yìn ìwé wa lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ò ti jẹ́ ká sinmi mọ́. Díẹ̀ nìyí, àwọn tó kù ń béèrè nǹkan kan náà.

*Mo rí àwòrán yẹn, orí mi wú, mo fẹ́ máa ṣe irú ẹ̀. Àmọ́ RAM laptop mi ò ju 4GB lọ, ọ̀rẹ́ mi sì ní àfẹni tó bá mọ ìṣirò dénú eegun. Ṣé òótọ́ ni?* — Akẹ́kọ̀ọ́, Agbowó

Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ kàn ń dẹ́rù bà ẹ́ ni jàre. Ọmọ pírámárì tó bá ti mọ tímúsì lè tẹ̀ lé ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀. Mú nọ́ńbà kan, ká ní 1, kó o wá bẹ̀rẹ̀ látorí 0. 0 lọ́nà 0, fi 1 kún un, 1. 1 lọ́nà 1, fi 1 kún un, 2. 2 lọ́nà 2, fi 1 kún un, 5, lẹ́yìn ìyẹn 26, ó ti sá lọ nìyẹn, kò tún ní padà wá mọ́. Ó yá, fi -1 ṣe é: 0, -1, 0, -1, títí ilẹ̀ á fi mọ́ kò ní kúrò lójú kan. Nǹkan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún gbogbo pixel (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) tó wà lójú àwòrán nìyẹn, èyí tí ò bá sá lọ á kùn ún ní dúdú, èyí tó bá sá lọ, á ka iye ìgbà tó ṣe é kó tó kọjá 2, ìyẹn ló fi ń mú àwọ̀ fún un. (Nọ́ńbà tó ń lò ní apá méjì o, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún òró, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó o máà bẹ̀rẹ̀.) Gaston Julia, onímọ̀ ìṣirò, ti ń rò ó ní Faransé lọ́dún 1918 láìní ẹ̀rọ kankan tó lè yà á, Benoit Mandelbrot tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM l'Amẹ́ríkà ló wá fi kọ̀ǹpútà yà á síta lọ́dún 1980, kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tó wà lápò ẹ.

Lọ dáńlóòdù XaoS, sọ́fítíwíà tó ń ya fractal, ọ̀fẹ́ ni, 4GB ẹ tó o jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wá ibi tó jẹ́ -0.75 ní ìbú, 0.1 ní òró, ibi tí ara dúdú ńlá tó o máa rí nínú àwòrán ti fẹ́ pàdé orí róbótó ẹ̀, àwọn òyìnbó ń pe ibẹ̀ ní Seahorse Valley, kó o tẹ mouse mọ́lẹ̀ kó o máa wọlé lọ. Ìrù ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn ń ká wọnú ara wọn, o ò ní pẹ́ rìn kó o tó tún bá ara dúdú yẹn pàdé, bíńtín, tòun ti orí ẹ̀. Tíbì kan bá ṣú biribiri tó o sì fura pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀, fi kún iye iteration, ìyẹn iye ìgbà tó ń tún ìṣirò yẹn ṣe, kọ̀ǹpútà ló tètè pinnu pé nọ́ńbà yẹn ò ní sá lọ. Tẹ P kí àwọ̀ yí. Má sì tíì lọ ra graphics card kankan ní Dùgbẹ̀ o, fowó ẹ jẹun.

*Flame, irú fractal mìíràn, ni èmi ń fi sọ́fítíwíà Apophysis ṣe. Tí mo bá ti ní kó rẹ́ńdà èyí tó tóbi, ìyẹn kó yà á jáde, nẹ́pà á múná lọ, bátìrì mi ò dáa, gbogbo ẹ̀ á pòórá. Àwọn tó dáa jù ló ń bá a lọ.* — Ará Mọ́kọ́lá

Pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ àwòrán ló sọnù, iṣẹ́ ò yẹ kó sọnù. Kó o tó fọwọ́ kan Render rárá, sefù parameter ẹ, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó o fi ṣe àwòrán yẹn, nínú fáìlì tó ń parí sí .flame. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán ló wà nínú ẹ̀, o lè fi Notepad ṣí i, kò wúwo rárá. Télọ̀ tó bá ti kọ ìwọ̀n ẹ sínú ìwé, bí aṣọ àkọ́kọ́ bá jóná ó lè gé òmíràn, ó tún lè gé e ní èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, ẹni tó ń tọ́jú jpeg nìkan ló máa sunkún. Kódà tí Windows ẹ bá kú, JWildfire, sọ́fítíwíà mìíràn, máa ṣí .flame yẹn fún ẹ.

Ohun tó sì ń jẹ́ kó pẹ́ ni pé flame, tí Scott Draves gbé jáde lọ́dún 1992, kì í ya ìlà, ńṣe ló ń da ojú àmì kéékèèké sílẹ̀ ní rẹpẹtẹ, ibi tí wọ́n bá ti ń já lé ara wọn ló ń mọ́lẹ̀. Tí quality bá kéré, wàá máa rí èérún bí ẹni da yanrìn sí i, tó o bá fi kún un á dán, àmọ́ àsìkò á lọ. Nítorí náà, nígbà tó o bá ṣì ń wá ọ̀nà, ṣe é ní pixel 800, quality 50, má lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó o bá fẹ́ràn gan-an ni kó o gbé lọ síbi tí íńfátà wà, kó o wá fún un ní quality 1000.

*Adìrẹ ni mò ń tà l'Òjé. Ọmọ mi ya fractal kan tó wù mí, mo ní ká tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ tó fẹ̀ tó ìnṣì 45. Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún wa rí ráúráú, búlúù tó ń dán lójú fóònù wá dà bí èyí tó ti ṣá. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?* — Ìyá Aládìrẹ

Mọ̀mí, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó. Ẹ bi ọmọ yẹn léèrè, ṣé orí WhatsApp ló ti fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí wọn? Tó bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, WhatsApp á ti fún un pọ̀. Ká ní pixel 1080 ló ṣẹ́ kù ní ìbú, tí wọ́n bá tẹ pixel 300 sínú ìnṣì kan, aṣọ tó lè kó já ò tó ìnṣì mẹ́rin, òun lẹ sì ní kí wọ́n nà dé ìnṣì 45! Kó fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kó gbé e lọ nínú fláṣì. Fún aṣọ, 150 sí ìnṣì kan náà máa ń tó, ìyẹn pixel 6750 fún ìnṣì 45, kó sì padà rẹ́ńdà á bẹ́ẹ̀ látinú parameter ẹ̀, kó má wulẹ̀ na èyí tó wà nílẹ̀.

Ní ti àwọ̀, iná ló wà nínú fóònù, aṣọ ò níná. Kò sí íǹkì tó máa gbé búlúù tó ń tàn yòò yẹn tàbí gúríìnì bẹ́ẹ̀ dé orí aṣọ, kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Èmi ní tèmi, búlúù aró àti funfun ni mi ò bá ní kí ọmọ yẹn fi ṣe é, búlúù aró ò jìnnà sí ohun tí íǹkì lè gbé, oníbàárà yín náà á sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Adìrẹ Ìbàdàndùn tó gbé òpó gbọ̀ngàn Mápó sáyé, ṣebí àwọ̀ méjì náà ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìrépé kan fún yín wò, kẹ́ ẹ tó sanwó gbogbo yáàdì. Tẹ́nikẹ́ni bá sì ní nǹkan òyìnbó lẹ kó wọ ọjà, Ron Eglash, ọ̀mọ̀wé l'Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ látọdún 1999 pé irú ètò yìí wà nínú irun dídì àti bí wọ́n ṣe ń to ilé ní Áfíríkà.

*Ẹ̀gbọ́n mi ní AI ni gbogbo ẹ̀, pé kì í ṣe iṣẹ́ ọnà.* — Inú Ń Bí Mi, Bódìjà

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n. AI ń kọ́ iṣẹ́ látinú àwòrán ẹlòmíì, fọ́múlà yìí ò rí àwòrán ẹnikẹ́ni rí. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tá a máa dúró sí, àwọ̀ tó máa wà níbẹ̀, èyí tá a máa jù nù, ọwọ́ ta ló wà? Ẹ gbé XaoS fún wọn kí wọ́n wá ibì kan tó yẹ kéèyàn gbé kọ́ sára ògiri, ẹ á rí bó ṣe máa pẹ́ wọn tó.

*Mo wọlé, mo wọlé, nígbà tó yá gbogbo ẹ̀ di igun mẹ́rin gbàgàdà-gbàgàdà. Ṣé laptop mi ti bàjẹ́ ni?* — Aláfojúdi, Challenge

Kò bàjẹ́. Nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà tó pọ̀ jù ń lò ò lè gbà ju bíi díjíìtì 15 sí 16 lọ, tó o bá ti wọlé kọjá bẹ́ẹ̀, pixel méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á ní nọ́ńbà kan náà, wọ́n á wá kun ibẹ̀ ní àwọ̀ kan. Sọ́fítíwíà Kalles Fraktaler ló lè gbé ẹ kọjá ibẹ̀, Windows ló wà fún, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kó o kọ coordinate (nọ́ńbà ìbú àti òró) ibi tó o dé sílẹ̀ kó o tó kúrò nínú XaoS, kó o lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níbẹ̀.