Kí o tó sanwó ẹ̀kọ́ gbígba ẹ̀jẹ̀, béèrè apá ta ni wàá gún

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́rin ní Houston, pé ilé-ìwé kan ń polówó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni òun yóò fi sọ ọ́ di phlebotomist (ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn fún àyẹ̀wò) tó ní ìwé-ẹ̀rí, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, irú ìwé-ẹ̀rí wo ló yẹ kí o lé, àti bóyá WAEC rẹ yóò wúlò. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ní Maryland. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn kí n tó dé Amẹ́ríkà, mi ò sì gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ rí. Òótọ́ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, nítorí kíláàsì nìkan ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka iye oṣù tí wàá fi jókòó sílé kí o tó rí ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí o gún ènìyàn.

Ìwé-ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kéékèèké ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ni CPT (Certified Phlebotomy Technician) ti àjọ NHA, ìyẹn National Healthcareer Association. Kí ó tó lè jẹ́ tìrẹ, ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ pé o ti gba ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan ní ìgbà 30, o sì ti gún orí ìka ní ìgbà 10, lára ènìyàn alààyè. Apá onírọ́bà tó wà lórí tábìlì kíláàsì kò sí nínú ìṣirò. Àwọn àjọ mìíràn náà ní ìwé-ẹ̀rí tiwọn: RPT ti àjọ AMT ń béèrè ìgbà 50 fún ti iṣan, PBT ti àjọ ASCP sì ń béèrè 100 fún ẹni tó bá gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ta kíláàsì fún ọ láìfún ọ ní apá tí wàá gún, ìlù tí kò láwọ ló tà fún ọ.

Jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ló dùn mí jù. Obìnrin tó jókòó sí ọ́fíìsì ilé-ìwé náà, tí mi ò ní dárúkọ, fi ẹ̀rín sọ fún mi pé externship, ìyẹn ìdánrawò níbi iṣẹ́ gidi, ti wà nínú owó tí mo ń san. Mo béèrè pé níbo. Ó ní ibi tí àwọn ń rán ènìyàn lọ pọ̀. Owó tí mo ń rí níbi iṣẹ́ alẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo kó jọ tí mo fi san án. Kíláàsì parí ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kẹta, wọ́n fún wa ní bébà aláràbarà, a ya fọ́tò. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo ti ń pè wọ́n. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” ni ìdáhùn, tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá sì dé, á tún bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mìíràn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n wá rántí pé ibi tí wọ́n fẹ́ fi mí sí kò ní gbà mí láìsí ẹ̀rí àjẹsára Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ràn. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni èyí tó wọ́pọ̀ nínú àjẹsára yìí: èkejì máa ń tẹ̀lé èkíní lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta á sì di oṣù kẹfà. Oṣù mẹ́fà! Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gba owó mi, ṣé mi ò ní ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni? Mo ti gba àjẹsára náà rí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ ti bá ẹrù tí mo fi sílẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa ló là mí lójú pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní titer, tó ń fi hàn bóyá ara ènìyàn ti ní agbára láti kojú àrùn náà. Wọ́n ṣe é fún mi, agbára náà wà lára mi. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, àbúrò mi, ilé-ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ ni kò sì lè sọ ọ́ fún mi.

Bọ́ọ̀sì méjì ni mo ń wọ̀ dé ibi tí wọ́n fi mí sí nígbẹ̀yìn. Orúkọ ni mo ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àga ni mo ń nù, bí ẹni tó wá ṣe ìmọ́tótó. Nígbà tí wọ́n ní àkókò mi ti pé, ìgbà 11 péré ni wọ́n ti jẹ́ kí n gún ènìyàn. Mo padà sí ilé-ìwé, ọ̀gá wọn wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní àwọn ti ṣe ipa tiwọn. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ojú kò tilẹ̀ tì mí. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni pé mo tẹ ìwé ìrírí iṣẹ́ mi, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n parí ìgbà 19 tó kù láìgba kọ́bọ̀. Méje kọ̀. Níbi ẹ̀kẹjọ ni ìyá kan, ará Jàmáíkà, tó jẹ́ ọ̀gá láàbù, ti ní kí n wá ní ọjọ́ kejì.

Ìyá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́. Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú mi, iṣan apá rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n bí okùn, mo ní èyí á rọrùn. Mo ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, iṣan náà yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi kókó tí ènìyàn ń fi ìka tì nínú ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wú lábẹ́ awọ. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀, ó kàn di ojú. Ìyá yìí ní kí n tú rọ́bà tí mo fi so apá, kí n yọ abẹ́rẹ́, kí n fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, kí n sì bẹ bàbá. Lẹ́yìn náà ló mú àtàńpàkò mi, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ ibi tí mo fẹ́ gún, ó ní kí n fa awọ náà sísàlẹ̀ kí iṣan má lè rìn. Ó ní kí n pa ojú mi dé, kí n fi ìka wá a, nítorí iṣan tó dára máa ń fò sókè padà bí a bá tẹ̀ ẹ́, èyí tí ojú ń rí sì lè má ṣeé lò. Èyí tó wà láàárín níwájú ìgúnpá ni kí o kọ́kọ́ wá. Èyí tó wà níhà inú, sún mọ́ ara, ni kí o fi ṣe ìkẹyìn, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá àti fọ́nrán ìmọ̀lára wà nítòsí rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí rọ́bà pẹ́ lápá ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí o bá gún un lẹ́ẹ̀mejì tí kò bọ́ sí i, pe ẹlòmíràn.

Ní kíláàsì, orin ni wọ́n fi kọ́ wa ní bí àwọn ìgò ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, wọn kò sọ ìdí. Ìgò tí a fi ń wá kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni onídèérí búlúù, pupa tàbí àwọ̀ góòlù, àwọ̀ ewé, elésè àlùkò, kí aláwọ̀ eérú tó kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn tó wà nínú ìgò elésè àlùkò kún fún potassium, èròjà kan tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ bíi calcium. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá wọ ìgò tí wọ́n fẹ́ fi wo potassium aláìsàn, èsì á ga sókè lọ́nà èké, calcium á sì lọ sílẹ̀, dókítà á wá máa tọ́jú àrùn tí kò sí. Ẹni tó bá mọ èyí kò nílò orin kankan.

Jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Lẹ orúkọ mọ́ ìgò níwájú aláìsàn, lẹ́yìn tí o bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán, kí o tó kúrò níbẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ sì pe orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún ọ. Má ṣe padà fi ìdérí bo abẹ́rẹ́ tí o ti lò. Bí ó bá gún ọ, fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́, sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, má sì jẹ́ kí ọ̀gá kankan ní kí o parí iṣẹ́ rẹ ná: bíbẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn tó gún ọ, ó sì dára kí o bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kí ó san owó ìtọ́jú yẹn. Ọ̀gá kan ti sọ fún mi rí pé kí n kọ́kọ́ kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Mo fi kálámù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ.

Ní ti ilé-ìwé tí o rí, lọ sí ọ́fíìsì wọn kí o sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: orúkọ ibi tí wọ́n ń rán ènìyàn lọ, ọjọ́ tí wàá bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí wàá gún ènìyàn, àti ohun tí wọ́n á ṣe nípa owó rẹ bí wọn kò bá rí ibi kankan fún ọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn, dìde. Kí o tó san kọ́bọ̀ sì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ àjẹsára tàbí kí o ti ṣe titer.

Ìdánwò NHA kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: ìbéèrè 120 ni, 100 nínú rẹ̀ ló ní máàkì, wákàtí méjì ni. Ọdún méjì-méjì ni wàá máa tún ìwé-ẹ̀rí náà ṣe. Texas kò béèrè láísẹ́ńsì ìjọba fún iṣẹ́ yìí, Maryland náà kò béèrè. California, Louisiana, Nevada àti Washington ló ń béèrè, nítorí náà wádìí dáadáa bí ọkàn rẹ bá ń fà sí ibẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé WAEC. Ilé-ìwé tèmi gba ẹ̀dà rẹ̀ láìbéèrè ohun mìíràn. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ni wọ́n ti ní kí àjọ tí ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò jẹ́rìí pé ó bá ti ilé-ìwé girama Amẹ́ríkà dọ́gba, ó sì gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà báyìí, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ síṣẹ́ aago mẹ́rin ìdájí, ìwé ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá.