Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà «meridian»?

Ẹ béèrè pé ìtumọ̀ wo gan-an ni «meridian» ní. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, níbi tí «meridies» ti túmọ̀ sí ọ̀sán gangan, ìtumọ̀ yìí ló sì bí àwọn yòókù. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, òun ni ìlà tí a fojú inú fà láti ìpẹ̀kun àríwá ayé dé ìpẹ̀kun gúúsù, nítorí pé àkókò kan náà ni ọ̀sán gangan ń bá gbogbo ibi tí ó wà lórí rẹ̀. Ìlà òdo, ìyẹn èyí tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn yòókù ní ìwọ̀n digirí, tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Washington ní ọdún 1884, gba Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù àti Tema ní Gánà kọjá. Ìlà 15 ní ìhà ìlà-oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ìtòsí ìlà 3 ni Èkó wà, níbi tí ọ̀sán gangan ti ń pẹ́ dé ju ti ìlà 15 lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá dúró sínú oòrùn l'Ékòó nígbà tí aago méjìlá lù, òjìji yín kò tíì kúrú tó bí yóò ti kúrú nígbà tí aago kan bá ń sún mọ́lé. «M» tí ó wà nínú a.m. àti p.m. kò yàtọ̀: ṣáájú ọ̀sán gangan, àti lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà, ipa ọ̀nà 12 tí wọ́n gbà pé agbára ìyè ń tọ̀ nínú ara ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.