Èsì: Ìdí tí eré yín fi falẹ̀ ní Iten, ìlú kan ní Kenya

Ẹ kú ìrìn àjò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kìlómítà tí ẹ ń fi ìṣẹ́jú 4 sá ní London ti di ìṣẹ́jú 4 àti sẹ́kọ́ńdì 30 ní Iten, ṣé kí ẹ tẹra mọ́ ọn? Rárá o. Iten fi nǹkan bíi mítà 2,400 ga ju ojú òkun lọ. Ọ́síjìn tí èémí kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé kò tó ti London. Ẹ gbójú kúrò lára aago, bí ọkàn yín ṣe ń lù ni kí ẹ máa fi díwọ̀n eré.

Ọjọ́ 7 sí 10 àkọ́kọ́, eré jẹ́jẹ́ nìkan, èyí tí ẹ lè fi máa sọ̀rọ̀ láì mí hẹlẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí fartlek: ìṣẹ́jú 1 kíkan, ìṣẹ́jú 1 jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àwọn ọmọ Kenya máa ń kóra jọ sá a ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ wà, ẹ má lé àwọn tó wà níwájú!

Ohun tó sábà máa ń ba irú ìrìn àjò yìí jẹ́ ni àìtó áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ferritin yín wò, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi áyọ́ọ̀nù tó wà nípamọ́ nínú ara hàn, torí láìsí áyọ́ọ̀nù, ara kò ní rí ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Bí dókítà bá kọ oògùn áyọ́ọ̀nù fún yín, ẹ má fi tíì oníwàrà ibẹ̀ gbé e mì (ó dùn lóòótọ́), torí tíì àti wàrà kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù wọ ara dáadáa.

Ní ti máratọ́ọ̀nù tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún, ẹ padà sí London ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ṣáájú, kí ẹsẹ̀ lè tún mọ eré kíákíá.